Ẹ̀kọ́ ogunléndé àti ìṣíkiri fún JSS 2: kí ni mo lè ṣe kí kíláàsì má di ẹkún, kó má sì di ìjà?

Tíṣà Ẹnuwá (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ní sáà tó ń bọ̀, mo fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ 6 lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé àtàwọn tó ń ṣí láti ìlú kan dé òmíràn, nínú Social Studies fún JSS 2. Ọmọ 42 ni wọ́n, ọdún 11 sí 13. Píríọ́dù kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40. Kò sí iná tó ṣeé gbójú lé, kò sí ohun tí a lè fi gbé àwòrán sára ògiri, fóònù tèmi nìkan ló wà. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti owó fọtokópì díẹ̀ ni mo ní.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn há ìtumọ̀ sórí. Mo fẹ́ kí wọ́n lè fọ̀rọ̀ ro ara wọn wò, kí wọ́n sì lè bi ọ̀rọ̀ léèrè kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí a bá tẹ̀ síbi àánú jù, àwọn ọmọ á máa wo ẹni tí ogun lé bí alágbe. Bí a bá tẹ̀ síbi àríyànjiyàn jù, kíláàsì á di kóòtù, "kí wọ́n wọlé, kí wọ́n má wọlé", ẹni tóhùn rẹ̀ ròkè jù lá sì borí.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ Modákẹ́kẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ Sábó wà, àwọn ọmọ Àgàtú tí òbí wọn ń ṣe lébìrà lóko kòkó náà wà. Báwo ni mo ṣe máa sọ ìtàn tó kan ilẹ̀ wa láì fọwọ́ kan egbò? Kí ni kí n ṣe sí fídíò WhatsApp tí wọ́n ń mú wá bí ẹ̀rí? Ọmọ tó bá sì jẹ́ pé ogun ló lé àwọn òbí rẹ̀ dé ibí, báwo ni kò ṣe ní di ohun àpèwò?

Bàbá Ìṣirò (Ilé-Ifẹ̀)

Tíṣà, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ ka ẹ̀wà 123 nílé, kí ẹyọ kan dúró fún mílíọ̀nù èèyàn kan. Ní òpin ọdún 2024, UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogunléndé, ka mílíọ̀nù 123.2 èèyàn tí ogun, inúnibíni àti rògbòdìyàn ti lé kúrò nílé káàkiri ayé. Ẹ di 74 sínú ọ̀rá kan, ẹ di 49 sínú òmíràn. Ẹ má ní kí àwọn ọmọ kà á ní kíláàsì o. Píríọ́dù á tán, ìdajì ẹ̀wà á sì ti yí wọ abẹ́ àga.

Kẹ́ ẹ tó tú ọ̀rá kankan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìwé pélébé tí kò ní orúkọ dáhùn ohun mẹ́ta. Nínú èèyàn 10 tí wọ́n lé kúrò nílé, mélòó ló ṣì wà nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀? Nínú 10 tó sọdá ẹnubodè, mélòó ló dúró sí orílẹ̀-èdè tó múlé ti tiwọn? Mélòó ló dé orílẹ̀-èdè olówó? Ẹ gba ìwé náà, ẹ kọ ìdáhùn wọn sí pátákó. Ìwé pélébé yìí wúlò ju ẹ̀wà lọ, torí ọmọ tí kò bá kọ́kọ́ kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ á sọ lẹ́yìn náà pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá tú ọ̀rá 74 sórí tírè. Àwọn wọ̀nyí kò kọjá ẹnubodè kankan, ìyẹn mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Nínú àwọn ogunléndé tó sọdá, nǹkan bí 67 nínú 100 ló wà ní orílẹ̀-èdè alámùúlégbè, 73 nínú 100 ló sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tàbí tó wà láàárín. Ẹ fi èyí wé ohun tó wà lórí pátákó, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ibo ni èrò tiwọn ti wá. Ọ̀pọ̀ á dárúkọ fídíò ọkọ̀ ojú omi. Kámẹ́rà kì í lọ bá ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú kejì.

Ọmọ kan tó mọ ìṣirò lè ká yín mọ́. Ìwé UNHCR náà ní mílíọ̀nù 73.5 ṣì wà nínú orílẹ̀-èdè wọn, 42.7 jẹ́ ogunléndé lẹ́yìn odi, 8.4 ti tọrọ ààbò níbi tí wọ́n sá dé, wọ́n ń dúró de ìdáhùn ìjọba ibẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 124.6, kì í ṣe 123.2. Àwọn tó kà á kò ṣì í. Àwọn ará Palestine kan tí wọ́n ti jẹ́ ogunléndé ní Gaza tẹ́lẹ̀ ni ogun tún lé kúrò níbi tí wọ́n wà, nítorí náà wọ́n bọ́ sí ìlà méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kà wọ́n nínú àpapọ̀. Ẹ má yára ṣàlàyé o. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì wá ohun tó fà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìyá Láíbìrì (Iléṣà)

Bàbá Ìṣirò, ẹ ṣeun, àmọ́ èmi á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kí n tó ka ẹ̀wà kankan. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ogunléndé àti àtìpó, kí ló ń kà?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí pátákó: ogunléndé, àtìpó, àlejò, àjèjì, àrè, ìsáǹsá. Èdè wa ti ṣiṣẹ́ síbẹ̀ kí òfin kankan tó dé. Ogunléndé ń sọ ohun tó lé èèyàn wá. Àtìpó ní ẹni náà ń gbé níbi tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sọ ìdí. Àlejò ní ọ̀wọ̀ nínú, ṣùgbọ́n a ń retí ọjọ́ tí yóò lọ. Àjèjì kò sọ ju pé a ò mọ̀ ọ́n. Àrè kò ní ibi tó dorí kọ. Ìsáǹsá ti dá ẹjọ́ tán: ó ní ẹni náà sá fún ohun tó yẹ kó dúró kojú. Kí wọ́n wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú gbólóhùn kan náà: "___ méjì kó dé sí ojúlé kejì sí tiwa lánàá." Kí wọ́n sọ ohun tí ìyá wọn á ṣe bó bá gbọ́ ọ. Ó máa gbé oúnjẹ lọ, àbí ó máa ti ilẹ̀kùn? Èèyàn méjì náà kò yí padà, orúkọ tí a pè wọ́n nìkan ló yí.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá lè mú ìtumọ̀ ti òfin wọlé. Àdéhùn ọdún 1951 ní ogunléndé ni ẹni tó ti wà lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè rẹ̀, tó sì ní ẹ̀rù tó nídìí pé wọ́n á ṣe inúnibíni sí òun nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè abínibí, ìsọ̀rí èèyàn tó wà nínú rẹ̀ tàbí èrò òṣèlú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1951 nìkan ló kọ́kọ́ kàn, àfikún ọdún 1967 ló ká ààlà yẹn kúrò. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe lábẹ́ OAU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà ìgbà yẹn, ní 1969 fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀: ó ka ẹni tó sá fún ogun láti òde, ìjẹgàba àti rúkèrúdò tó da ìlú rú mọ́ ọn. Àwọn tí kò sọdá ẹnubodè ní tiwọn, Àdéhùn Kampala ti ọdún 2009.

Ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ 7, ọmọ 6 nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba káàdì 7, tí ẹ gé láti ara kádíbọ́ọ̀dù, kó má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ohun tó wà lórí rẹ̀: lébìrà tó ń ti Benue wá sí oko kòkó Ìfẹ́tẹ̀dó lásìkò ìkórè; ọmọbìnrin láti Gwoza tó wà ní ibùdó ní Maiduguri; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọdá sí àgọ́ Minawao ní Kamẹrúùnù; ará Kamẹrúùnù tó wà ní Ogoja, ní ìpínlẹ̀ Cross River; nọ́ọ̀sì láti Iléṣà tó gba iṣẹ́ ní ìlú ọba; ará Ẹ̀jìgbò tó ń tajà ní Abidjan; ọmọbìnrin tí wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún ní Ítálì, tí wọ́n wá gba fóònù rẹ̀ ní Líbíyà. Ìṣẹ́jú 12 ni kí wọ́n fi pín in sí òkìtì, kí wọ́n kọ ìdí kan sẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan.

Gwoza àti Minawao ni wọ́n máa ń jà lé lórí. Ogun kan náà ló lé àwọn méjèèjì, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, àmọ́ nítorí ẹnubodè kan ṣoṣo, òfin fún ọ̀kan lórúkọ tí kò fún èkejì. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dùn wọ́n díẹ̀. Káàdì Líbíyà ni ìkejì. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ "ó fẹ́ lówó". Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ ti dí. Àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò ló wà nídìí ìyẹn, àjọ NAPTIP ló sì ń bójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2003.

Ọmọ Òṣómàálò (Iléṣà)

Ẹ̀yin ará, ohun tí ẹ kọ dáa, àmọ́ ó jìnnà sí ọmọ JSS 2. Ẹ mú Gánà wọlé.

Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ìpínrọ̀ kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì dárúkọ orílẹ̀-èdè. Ìwé kìíní: ìjọba tuntun kò tíì lo oṣù méjì lórí àlééfà, gbèsè wọ orílẹ̀-èdè náà lọ́rùn, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pariwo pé àjèjì gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìjọba ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó jáde. Ìwé kejì: ọjà tí ìjọba ń gbé ta sókè òkun ti já lówó, ìdìbò ń bọ̀ lọ́dún náà, ìjọba sì ní kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde, ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdajì kíláàsì ka ti kìíní, ìdajì ka ti kejì. Kí wọ́n kọ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, kí wọ́n sì kọ ìdí. Lẹ́yìn náà lẹ tó ṣí orúkọ. Ti kìíní ni Gánà, 18 oṣù kọkànlá 1969, lábẹ́ Busia, àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà àti Igbẹ́tì sì pọ̀ nínú àwọn tó jáde níbẹ̀. Ti kejì ni Nàìjíríà tiwa, 17 oṣù kìíní 1983, lábẹ́ Shagari, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó jáde.

Báàgì Ghana-Must-Go tó wà nílé gbogbo wọn, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹ má gbé báàgì náà wọlé kẹ́ ẹ tó ṣí orúkọ o, torí gbàrà tí ọmọ kan bá rí i, àṣírí tú.

Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ níbí. Àkọ́kọ́, àwọn ọmọ á sọ pé "wọ́n ṣe é sí wa, a san án padà fún wọn", kíláàsì á pàtẹ́wọ́, ẹ̀kọ́ á sì tán. Ẹ ti ní ìbéèrè lọ́wọ́: ọmọ Gánà tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Èkó ní 1983, ọmọ ọdún mélòó ni ní 1969? Èkejì, wọ́n á gbà pé àjèjì ló ba ọrọ̀ ajé jẹ́ torí ìjọba sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó epo ṣáájú 1983, kí wọ́n sì sọ bóyá télọ̀ ló já a lówó. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìwé fò. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn láì gba físà fún ọjọ́ 90. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé ní 1983 gba ọ̀nà tó bófin mu wọlé, ọjọ́ wọn ló pé. Gánà fúnra rẹ̀ sì ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò tẹ́lẹ̀, èrò wá há sójú ọ̀nà kó tó di pé wọ́n ṣí i.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà kan léèrè. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1969 ti lé ní 70 báyìí, ẹ má fi falẹ̀. Ìbéèrè tó ń mú ọ̀rọ̀ jáde ni èyí tó tọ́ka sí nǹkan: kí lẹ kó, kí lẹ fi sílẹ̀, ta ló jẹ yín lówó nígbà tẹ́ ẹ ń lọ, ta ló gbà yín sílé? "Ṣé wọ́n fìyà jẹ yín?" kò dáa, ó ti fi ìdáhùn sí àgbà lẹ́nu.

Níbi tí ó bá sì ti jẹ́ Iléṣà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òṣómàálò. Àwọn bàbá wa gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n ń tà á ní àwìn, wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ẹ wá bi wọ́n pé kí làwọn onílùú náà ń pè wọ́n lẹ́yìn.

Àgbà Òkè-Ìtaṣẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Tíṣà, ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ tí ẹ bi. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Láíbìrì tó kọ "ogunléndé" sí pátákó kò ṣẹ̀, Iléṣà ló ń gbé. Ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ náà àti "àlejò" ṣì lè ta ẹlòmíì létí bí èébú. Bí ọmọ kan bá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé "ẹ̀yin nìyẹn", ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù ti bàjẹ́.

Abẹ́òkúta ni kẹ́ ẹ lò. Ogun tú ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn tí ogun lé ló sì tẹ ìlú náà dó. Ẹ ya máàpù sí pátákó. Ẹ fi Ọ̀yọ́ Ilé sókè, ẹ sọ pé ó tú ní àwọn ọdún 1830, kẹ́ ẹ wá fa ọfà láti ibẹ̀ lọ sí gúúsù: Ọ̀yọ́ tuntun, Ìjàyè, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ifẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré nínú ọfà márùn-ún ni tiwa, kò sẹ́ni tó máa rò pé òun lẹ ń tọ́ka sí. Iléṣà náà kò yọ sílẹ̀: Ìbàdàn kó o ní 1870, ogun Kírìjí sì tẹ̀ lé e láti 1877 sí 1893. Ìdílé tí kò sá fún ogun rí ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì rí ọfà tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Modákẹ́kẹ́ dandan, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún sókè, kí olùkọ́ méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan, kí àwọn méjèèjì sì ti fẹnu kò lórí ìpínrọ̀ kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ pè wọ́n ní "àwọn tó wá láti Ọ̀yọ́ Ilé". Ẹ má béèrè ta ló ni ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ti JSS 2. Ẹ béèrè ohun tí onílé àti ẹni tó dé nílò lọ́wọ́ ara wọn lọ́dún náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú kan oko, ogun àti oúnjẹ. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti 1981 àti ti 1997 sí 2000, ẹ jẹ́ kó di SS 2.

Fóònù Kékeré (Ilé-Ifẹ̀)

Fídíò WhatsApp: àwòrán kan ṣoṣo ti tó ẹ kọ́ wọn. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ni, èrò kún inú rẹ̀ títí dé orí òpó, àwọn kan ń bọ́ sómi. Wọ́n ti fi ṣe ogunléndé Síríà, wọ́n ti fi ṣe àwọn ará Yúróòpù tó ń sá wá sí Áfíríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Irọ́ ni méjèèjì. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Vlora. Àwọn ará Albania ló kó láti Durrës, nǹkan bí 20,000, ó sì dé Bari ní Ítálì ní 8 oṣù kẹjọ 1991. Ṣúgà ló ń kó bọ̀ láti Cuba kí èrò tó ya bò ó.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí A4, ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kan. Dúdú àti funfun ti tó, àmọ́ ẹ rí i pé inki kò fàwọ̀, bí ojú èèyàn kò bá hàn, iṣẹ́ náà kú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ irọ́ náà sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí ojú rí nìkan, láì kọ ìtumọ̀ kankan: aṣọ, ojú ọjọ́, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ìdáhùn wọn lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó sọ orúkọ ọkọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù wá ibi tí àwòrán ti wá, ẹ ṣe é nílé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Google Lens á gbé ohun tó jọ ọ́ wá, kì í ṣe òun gan-an ní gbogbo ìgbà, torí náà ẹ fi ojú wé kúlẹ̀kúlẹ̀. TinEye, ìkànnì tí òun náà ń wá àwòrán, láǹfààní pé ó lè to èsì láti orí èyí tó pẹ́ jù, ìyẹn sì ni ẹ ń wá. Bí àwòrán bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2009, kò lè jẹ́ ti oṣù tó kọjá. Fún fídíò, ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi mẹ́ta: ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí pátákó ìtajà tàbí nọ́ńbà mọ́tò ti hàn, àti òpin. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ fẹ́ wo ọjọ́ tí wọ́n yà á nínú fáìlì náà, WhatsApp ń gé ìyẹn dànù.

Ohun tí gbogbo wọn lè ṣe láì ná owó dátà: kí wọ́n wo ọfà méjì tó wà lórí ìfiránṣẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ó ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún ó kéré tán, nítorí ẹ̀ ni WhatsApp kì í fi í jẹ́ kí a fi ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ pé irọ́ ni o. Ó kàn sọ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ kọ́ ló wà níbẹ̀.

Alágbàtọ́ (Iléṣà)

Ìbéèrè ìkẹrin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, Tíṣà, kó tó di ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ pe ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ sọ ohun tí ẹ máa kọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ò ní pe orúkọ rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó jẹ́ òun ló mú un wá. Bó bá fẹ́ lọ sí láíbìrì lásìkò náà, ẹ ti ní iṣẹ́ gidi tẹ́ ẹ máa rán an, kó má baà hàn pé ó sá. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe òfin kan fún gbogbo kíláàsì: ẹnikẹ́ni lè sọ pé "ẹ fò mí" sí ìbéèrè èyíkéyìí láì sọ ìdí. Ẹ fi ìbéèrè yẹpẹrẹ dán an wò lọ́jọ́ kìíní, kó di nǹkan tí gbogbo wọn ń sọ.

Ẹ má gbé àwòrán òkú wọlé. Ẹ má ṣe eré ológun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi ṣe ìbọn lépa ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń já sí, tàbí kí ọmọ kan gbé orí lé tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Eré àpò tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn dáa tó bá kúrú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun márùn-ún tí yóò mú bó bá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì ka ìṣẹ́jú mẹ́ta náà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí wọ́n fa igi lé méjì. Bí wọ́n bá kọ fóònù, ẹ má jẹ́ kí kíláàsì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ńbà àwọn ará ilé, máàpù àti owó ló wà nínú rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ogunléndé kọ́kọ́ máa ń mú lóòótọ́. Ẹ wo iye ọmọ tó kọ ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó máa ń kéré, láìsí ìwé yẹn sì rèé, ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé ní ibi tí wọ́n bá dé lè di wàhálà. Àléébù eré yìí ni pé ó ń mú kí sísá dà bí ọjà tí a lọ rà, pé èèyàn ń yàn. Ìbéèrè tó máa tún un ṣe ni: ta ni ẹ ò lè gbé? Ìyá àgbà tí kò lè rìn kò wọ inú àpò.

Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, òwe igi ṣóńṣó àti ọmọ ẹyẹ ti tó, ẹ má bá a wí lójú gbogbo èèyàn.

Tíṣà Ẹnuwá (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ò ní ṣìṣe o. Àgbà, mo ti gbọ́ ti "ogunléndé". Èmi á sọ fún wọn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pé nínú ẹ̀kọ́ yìí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ orí pátákó pe ẹni tó jókòó nínú kíláàsì. Ìbéèrè méjì ló kù: báwo ni kí n ṣe tò ó, báwo ni kí n ṣe fún wọn ní máàkì? Pírínsípà á béèrè máàkì.

Ìyá Láíbìrì (Iléṣà)

Àgbà, ẹ jàre, mi ò ro ti Ifẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́. Òfin ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn dáa.

Tíṣà, èmi á tò ó báyìí: ọ̀rọ̀ mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀wà ní ìkejì, káàdì ní ìkẹta. Ẹ rán wọn sí àwọn àgbà ní òpin ìkẹta, kí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àpò àti àwòrán Vlora wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin pọ̀, ìdajì píríọ́dù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàpù Ọ̀yọ́ Ilé ní ìkarùn-ún, ìwé Gánà méjèèjì àti ìròyìn àwọn àgbà ní ìkẹfà. Ẹ kọ lẹ́tà sáwọn òbí kí ọmọ tó lọ bi àgbà kankan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ gbé ohùn tàbí àwòrán àgbà náà sí status.

Máàkì 20. Márùn-ún fún ìdí tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì, márùn-ún fún ìbéèrè mẹ́ta orí àwòrán, mẹ́fà fún ìròyìn àgbà. Mẹ́rin tó kù, kí wọ́n kọ ìlà méjì: ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀, ohun tó yí i padà. Ọmọ tó bá kọ pé kò sí ohun tó yí padà, tó sì sọ ìdí, gba mẹ́rin pé. Ẹ má fún ẹkún ní máàkì, wọ́n á máa sun ún fún yín.

Bàbá Ìṣirò (Ilé-Ifẹ̀)

Mo gbà kí ẹ̀wà di ọ̀sẹ̀ kejì, kò burú. Ẹ má lo olóyin o, ó kéré. Ẹ̀wà funfun ẹlẹ́yọ ńlá lórí tírè dúdú ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì máa rí.